Bel Air 1957 àbí Mustang 1965? Ìbéèrè àti ìdáhùn lórí ọkọ̀ Amẹ́ríkà àtijọ́ méjì

Níbi tí àwọn olólùfẹ́ ọkọ̀ Amẹ́ríkà àtijọ́ bá ti péjọ, kì í pẹ́ tí orúkọ méjì yìí fi máa ń jáde: Chevrolet Bel Air ti ọdún 1957 àti Ford Mustang ti ọdún 1965. Ọdún mẹ́jọ péré ló wà láàárín wọn, àmọ́ ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀ nínú ọ̀kan tó bọ́ sínú èkejì á rò pé ìran méjì ló ṣe wọ́n. Àwọn tó fẹ́ rà, àwọn tó ti ní, àtàwọn tó kàn fẹ́ràn àríyànjiyàn ló ń béèrè àwọn ìbéèrè yìí. Níbi tí mo bá ti gbè sẹ́yìn ọ̀kan, ẹ ó rí i.

Ṣé ó tiẹ̀ tọ́ ká fi àwọn méjèèjì wéra?

Àwọn kan á ní kò tọ́. Ọkọ̀ ìdílé ni Bel Air: àga iwájú rẹ̀ gùn láti ilẹ̀kùn dé ilẹ̀kùn, èèyàn mẹ́fà á sì jókòó láìfún ara wọn pa. Ọkọ̀ ọ̀dọ́ ni Mustang: èèyàn méjì níwájú, ọmọdé tàbí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gùn lẹ́yìn. Bel Air gùn tó mítà 5.08, Mustang ò ju mítà 4.61 lọ. Lójú àwọn tó ṣe wọ́n, wọn kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn rárá.

Ṣùgbọ́n ẹ fojú ọ̀dọ́kùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí iṣẹ́ ní Detroit tàbí Chicago ní 1965 wò ó. Ó lè ra Mustang tuntun kó máa san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó sì lè fi owó tí kò tó nǹkan ra Bel Air àlòkù, kó máa tú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tò lẹ́yìnkùlé bàbá rẹ̀. Ojú pópó kan náà làwọn ọkọ̀ méjèèjì ti pàdé. Lónìí pàápàá, àpò kan náà làwọn èèyàn ń tẹ̀ wò kí wọ́n tó yan ọ̀kan. Ó tọ́, ó yẹ.

Báwo ni Bel Air 1957 ṣe di gbajúmọ̀ tó báyìí?

Kì í ṣe lọ́dún tó jáde ló gba adé o. Bí a bá ka ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún ọdún 1957, Ford ló borí Chevrolet. Bọ́dì tí Chevrolet ti ń lò láti 1955 ni wọ́n ṣì ń lò, ọdún kẹta rẹ̀ nìyẹn, nígbà tí Ford àti Plymouth gbé bọ́dì tuntun jáde, èyí tó lọ sílẹ̀ tó sì gùn gbọọrọ. Kí ni General Motors, tó ni Chevrolet, máa ṣe? Wọ́n wọ aṣọ tuntun fún èyí tó wà nílẹ̀. Abẹ́ Harley Earl, tó jẹ́ olórí àwọn tó ń ya àwòrán ọkọ̀ wọn, ni gbogbo rẹ̀ ti wáyé. Wọ́n na ẹ̀yìn rẹ̀ sókè di lẹbẹ, wọ́n dín àgbá táyà kù láti ínńsì 15 sí 14 kí ọkọ̀ lè lọ sílẹ̀ díẹ̀, wọ́n sì kó ihò afẹ́fẹ́ lọ sí òkè iná iwájú. Bel Air ló ga jù nínú àwọn Chevrolet ọdún náà, torí náà òun ló gba àwọ̀ wúrà: àwọ̀n iwájú rẹ̀ àwọ̀ wúrà, orúkọ ara rẹ̀ àwọ̀ wúrà, pẹ̀lú páànù aluminiọ́ọ̀mù tó ní ìlà wẹ́wẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀yìn.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ràn jù lára rẹ̀. Ẹni tí kò mọ ọkọ̀ yìí tó fẹ́ rọ epo sí i á yí i ká títí, kò ní rí ẹnu táńkì. Ẹ lọ sẹ́yìn, sí lẹbẹ apá òsì. Irin dídán tó wà ní òpin lẹbẹ yẹn ń ṣí bí ilẹ̀kùn kékeré. Inú ibẹ̀ ni ìdérí táńkì wà. Kò sí ìdí kan pàtó tí wọ́n fi gbọ́dọ̀ fi pa mọ́ ju pé ó wù wọ́n.

Àwọn tó wá sọ ọ́ di òrìṣà ni àwọn tó rà á ní àlòkù láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960 lọ. Ó ti wọ́pọ̀, owó rẹ̀ ti já wálẹ̀, ẹ́ńjìnnì V8 rẹ̀ sì fúyẹ́, kò le tú. Ẹ́ńjìnnì yìí, tí Ed Cole darí àwọn tó ṣe é, jáde ní 1955, irú rẹ̀ sì wà nínú ọkọ̀ Chevrolet fún ohun tó lé ní ogójì ọdún. Ìyẹn ni pé ọmọ tó ní Bel Air ní 1966 lè yọ ẹ́ńjìnnì tó lágbára jù nínú ọkọ̀ tó ti forí gbá nǹkan, kó gbé e wọ inú tirẹ̀, kó sì lọ ta kàn-ń-gbọ̀n pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lálẹ́ Sátidé. Àwọn ọmọ yẹn dàgbà, wọ́n lówó lọ́wọ́, wọ́n sì ń wá ọkọ̀ ìgbà èwe wọn kiri. Ibẹ̀ ni òkìkí rẹ̀ ti wá.

Mustang ńkọ́?

Òun gbòkìkí lọ́jọ́ tó dé. Ọjọ́ 17 oṣù kẹrin ọdún 1964 ni Ford ṣí aṣọ lójú rẹ̀ níbi Ìpàtẹ Àgbáyé ní New York. Lọ́jọ́ yẹn nìkan, nǹkan bí 22,000 èèyàn ló ti ní kí wọ́n bá àwọn ṣe tiwọn. Kí ọdún kan tó pé, ó ti tà 418,812; nígbà tó fi máa di oṣù kẹta 1966, ó ti pé mílíọ̀nù kan.

Lee Iacocca, tó jẹ́ ọ̀gá ẹ̀ka Ford nígbà náà, rí i pé àwọn ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ti ń tó ọkọ̀ í wà, wọn ò sì fẹ́ ọkọ̀ bàbá wọn. Àmọ́ wọn ò náwó láti ṣe ọkọ̀ tuntun láti ìpìlẹ̀. Ẹ gbé Mustang sókè, ẹ wo abẹ́ rẹ̀: Falcon ni, ọkọ̀ kékeré olówó pọ́ọ́kú tí Ford ti ń tà láti 1960. Wọ́n na bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ síwájú, wọ́n gé búùtù rẹ̀ kúrú, wọ́n gbé àga méjì tó dá dúró sí iwájú, wọ́n fi ọwọ́ jíà sílẹ̀ láàárín. Dọ́là 2,368 ni wọ́n pè é.

Iye yẹn gan-an ni ọgbọ́n wọn. Bíi ká wọ búkà ni: ìrẹsì ò wọ́n, ẹran, dòdò àti mọ́ínmọ́ín ló ń ká owó lọ. V8? Ẹ fowó kún un. Jíà ọ́tò? Ẹ fowó kún un. Rédíò, sítíárìn tó ń fúyẹ́ lọ́wọ́, bíréèkì tó dáa, òrùlé aláwọ̀ dúdú, gbogbo rẹ̀ ní iye tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ tó wọlé pẹ̀lú èrò dọ́là 2,368 ló jáde pẹ̀lú gbèsè tó ju bẹ́ẹ̀ lọ, tayọ̀tayọ̀ sì ni.

Ìtàn kan wà tí mi ò lè fò. Mustang tó ní nọ́ńbà àkọ́kọ́, ọkọ̀ ìpàtẹ ni wọ́n fẹ́ kó jẹ́. Awakọ̀ òfuurufú kan ní Newfoundland, lórílẹ̀-èdè Kánádà, rí i lọ́dọ̀ oníṣòwò kan, ó rà á, ó gbé e lọ. Ford ní láti bẹ̀ ẹ́, kí wọ́n tó fi tuntun pààrọ̀ rẹ̀ fún un ní 1966. Ó wà ní mùsíọ́ọ̀mù Henry Ford ní Dearborn báyìí.

Kí ni wọ́n ń pè ní "1964½"?

Orúkọ tí àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ fún àwọn tó jáde kó tó di oṣù kẹjọ 1964 ni. Nínú ìwé Ford, 1965 ni gbogbo wọn. Ohun tó tètè ń fi wọ́n hàn ni pé generator ló ń fún bátìrì wọn ní iná, nígbà tí àwọn tó tẹ̀ lé e ń lo alternator.

Èwo ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lágbára jù?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ èdè wọn. Nọ́ńbà tí wọ́n fi ń pe ẹ́ńjìnnì jẹ́ ìwọ̀n àyè inú sìlíńdà ní ínńsì kúbíìkì, kì í ṣe agbára. 283 ti Chevrolet jẹ́ nǹkan bíi lítà 4.6, 289 ti Ford jẹ́ lítà 4.7.

Bel Air tí kò ní V8 ní sìlíńdà mẹ́fà, agbára ẹṣin 140. Nínú àwọn oní-V8, 265 àtijọ́ ń fúnni ní 162, 283 sì bẹ̀rẹ̀ láti 185. Kábúrétọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́rin gbé e dé 220, kábúrétọ̀ méjì gbé e dé 270. Ìkan tó gbayì jù kò ní kábúrétọ̀ rárá: ẹ̀rọ Rochester kan tí wọ́n ń pè ní Ramjet ló ń fín epo wọlé, agbára rẹ̀ sì jẹ́ 283. Ẹṣin kan fún ínńsì kan! Ìpolówó wọn ò gbàgbé ọ̀rọ̀ yẹn. Àmọ́ ìwọ̀nba ló rà á, torí ó wọ́n, mẹkáníìkì tó mọ̀ ọ́n tún sì kéré. Ọ̀pọ̀ ló yọ ọ́ kúrò tí wọ́n dá kábúrétọ̀ padà. Lónìí àwọn ọmọ wọn ń fi owó ńlá wá ohun tí bàbá wọn jù sí kọ̀rọ̀ gáréèjì.

Mustang onísìlíńdà mẹ́fà bẹ̀rẹ̀ láti 101, lẹ́yìn náà 120. V8 260 jẹ́ 164. 289 jẹ́ 200 fún èyí tí lẹ́tà rẹ̀ nínú nọ́ńbà ara ọkọ̀ jẹ́ C, 225 fún A, tàbí 271 fún K. Carroll Shelby, awakọ̀ eré ìje tẹ́lẹ̀ tó wá ń ṣe ọkọ̀, tún mú díẹ̀ nínú wọn, ó sọ wọ́n di GT350 tí agbára wọn jẹ́ 306; 562 péré ni ó ṣe ti ọdún 1965.

Ẹ má fi nọ́ńbà wọ̀nyí wé ti ọkọ̀ òde òní. Nígbà yẹn, orí tábìlì ni wọ́n ti ń wọn ẹ́ńjìnnì, láìsí páìpù èéfín gidi àti ọ̀pọ̀ nǹkan tó ń jẹ agbára. Ọdún 1972 ni àwọn ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà yí bí wọ́n ṣe ń kéde rẹ̀ padà. Àwọn méjèèjì sún mọ́ra nínú agbára. Ohun tó mú kí Mustang yá ni pé ó fúyẹ́ jù dáadáa.

Báwo ni wọ́n ṣe rí lọ́wọ́ ẹni tó ń wà wọ́n?

Bel Air ní ṣáásì tó dá dúró, bọ́dì wá jókòó lé e lórí. Kòtò á kọjá lábẹ́ yín, ẹ ó kàn gbọ́ ìró rẹ̀ ni. Sítíárìn rẹ̀ tóbi, ẹ ó sì yí i pọ̀ kí imú ọkọ̀ tó gbọ́. Ọwọ́ jíà wà lára ọ̀pá sítíárìn. Bó bá jẹ́ ọ́tò Powerglide, jíà méjì péré ló ní, kì í kánjú. Turboglide tó jáde ní 1957 ń rin bí òróró, àmọ́ ó yára bà jẹ́. Bí ẹ bá rí ìkan, ẹ béèrè ẹni tó máa tún un ṣe kí ẹ tó béèrè iye rẹ̀.

Bọ́dì Mustang ni ṣáásì rẹ̀, wọ́n jó gbogbo rẹ̀ pọ̀ di ọ̀kan. Ó kéré, ó ń yí kíá, ọ́tò rẹ̀ ní jíà mẹ́ta. Ẹ ó mọ kòtò kọ̀ọ̀kan lórúkọ. Bí ìrìnnà jíjìn lẹ fẹ́, pẹ̀lú ìyàwó àti àwọn ọmọ, Bel Air ni. Bí ọ̀nà tó ń rọ́ kọ́lọkọ̀lọ lẹ fẹ́ gbádùn lẹ́yin nìkan, ẹ má wulẹ̀ ronú.

Èwo ni kò léwu?

Méjèèjì léwu. Ní 2009, àjọ IIHS ti àwọn adójútòfò ní Amẹ́ríkà mú Bel Air 1959 àti Chevrolet Malibu 2009, wọ́n jẹ́ kí wọ́n forí gbára ní máìlì 40 ní wákàtí kan. Ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe ṣáásì Bel Air 1959 yàtọ̀ sí ti 1957, àmọ́ ẹ̀kọ́ rẹ̀ ò yí padà: ibi tí awakọ̀ jókòó sí nínú ọkọ̀ àtijọ́ náà rún, ti tuntun dúró. Ìwọ̀n irin kọ́ ló ń gbani là.

Ọ̀pá sítíárìn àwọn méjèèjì le gan-an, kì í ká síra rẹ̀. Ọ̀kọ̀ ni níwájú àyà awakọ̀. Mustang sábà máa ń ní bẹ́líìtì ìbàdí fún àwọn tó wà níwájú. Nínú Bel Air, ẹni tó bá fowó kún un ló rí i. Àṣírí Mustang wà lẹ́yìn: òkè táńkì epo rẹ̀ ni ilẹ̀ búùtù. Kò sí irin mìíràn láàárín epo àti ẹrù yín.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni bíréèkì. Dírọ́ọ̀mù ni ti Bel Air, níwájú lẹ́yìn. Ti Mustang náà dírọ́ọ̀mù ni, àyàfi tí ẹni tó kọ́kọ́ rà á bá sanwó disiki fún iwájú. Nínú ọkọ̀ méjèèjì, ojú ọ̀nà kan ṣoṣo ni òróró bíréèkì ń gbà lọ sí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí páìpù kan bá jò, ẹsẹ̀ yín á wọlẹ̀ lọ, kò ní sí bíréèkì kankan.

Ibo ni kí n wo ìpẹtà sí?

Lára Mustang, ẹ bẹ̀rẹ̀ níbi táwọn èèyàn kì í wò. Abẹ́ gíláàsì iwájú ní ihò tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Ewé gbígbẹ àti omi òjò ń wọ ibẹ̀, wọ́n ń dúró síbẹ̀, irin inú á sì jẹ láìjẹ́ pé ojú rí i. Ẹ gba àyè lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á, ẹ rọra da ife omi díẹ̀ sí ihò náà lápá ọ̀tún àti lápá òsì, lẹ́yìn náà kí ẹ tọwọ́ bọ abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì níbi ẹsẹ̀. Bí ọwọ́ yín bá tutù, iṣẹ́ ń bẹ: wọ́n á tú fẹ́ńdà iwájú, wọ́n á jó irin tuntun mọ́ ọn, owó rẹ̀ ò sì kéré. Bí ẹni tó ń tà á bá kọ̀ pé kí ẹ má da omi, ìdáhùn náà nìyẹn. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo ilẹ̀ inú ọkọ̀ àti àwọn igi irin tó gùn lábẹ́ rẹ̀, torí pé òun ni ṣáásì.

Lára Bel Air, ìpẹtà ń bẹ̀rẹ̀ lórí iná iwájú, níbi tó ṣe bí ìpéǹpéjú, torí pé ẹrẹ̀ ń há sí abẹ́ rẹ̀. Ẹ tún wo abẹ́ ilẹ̀kùn, ilẹ̀ ọkọ̀ àti ilẹ̀ búùtù. Ẹ mú mágínẹ́ẹ̀tì kékeré dání: ibi tí kò bá ti mú, pọ́tì ni wọ́n fi dí i.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ojúlówó ni?

Nọ́ńbà ara ọkọ̀ ni ẹ máa kà. Ti Chevrolet 1957 wà lára òpó ilẹ̀kùn awakọ̀. Bó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú VC57, V túmọ̀ sí V8, C túmọ̀ sí Bel Air, 57 jẹ́ ọdún. Lẹ́tà tó kàn jẹ́ ibi tí wọ́n ti ṣe é: F ni Flint, B ni Baltimore, L ni Los Angeles. Bí V kò bá sí níbẹ̀, onísìlíńdà mẹ́fà ló jẹ́ nígbà tó jáde, ohun yòówù tí ì báà wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lónìí. Bí lẹ́tà rẹ̀ bá jẹ́ B dípò C, Chevrolet 210 ni, tí ipò rẹ̀ kò tó ti Bel Air, tí ẹnì kan kàn wọ aṣọ wúrà Bel Air fún. Wọ́n pọ̀ bẹ́ẹ̀. Kò burú kí ẹ rà á, ohun tó burú ni kí ẹ san owó Bel Air.

Ti Mustang wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, lára irin inú fẹ́ńdà apá awakọ̀. Ẹ mú 5F07C bí àpẹẹrẹ: 5 ni 1965, F ni Dearborn (R ni San Jose, T ni Metuchen), 07 ni olórùlé líle, 08 ni èyí tí òrùlé rẹ̀ ń ká, 09 ni èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ dà gẹ̀rẹ̀. Lẹ́tà ìparí ni ẹ́ńjìnnì. Ibí yìí ni wọ́n ti ń mú àwọn tó ń ta ayédèrú GT, ìyẹn Mustang tí wọ́n fi àkànṣe ohun èlò kún láti ilé iṣẹ́: ẹ́ńjìnnì A àti K nìkan ni wọ́n ta GT mọ́ ní 1965. Bí ẹnì kan bá gbé GT tó ní lẹ́tà C wá, ẹ kí i, ẹ máa lọ.

Ṣé páàtì wọn ń rí rà?

Ó ń rí rà ju ti ọkọ̀ tó jáde ní ogún ọdún sẹ́yìn lọ. Odidi bọ́dì tuntun ti àwọn méjèèjì wà lọ́jà.

Epo òde òní ńkọ́?

Epo tó ní òjé ni wọ́n ṣe wọ́n fún, òjé yẹn sì ń dáàbò bo ìjókòó fáàfù. Láti 1996 ni Amẹ́ríkà ti fòfin dè é pátápátá fún ọkọ̀ ojú títì. Bí ẹ bá ń rọra wà á, kò ní tètè ṣe nǹkan. Ọjọ́ tí wọ́n bá tú orí ẹ́ńjìnnì ni kí ẹ ní kí wọ́n fi ìjókòó fáàfù tó le sí i. Èyí tó ń ṣe kíá ni ọtí ẹ̀tánọ́ọ̀lù inú epo, tó ń jẹ rọ́bà àtijọ́.

Kí ló dé tí Bel Air fi pọ̀ ní Havana, tí Mustang ò sí?

Ẹ wo ọdún. Ní oṣù kẹwàá 1960, ìjọba Eisenhower dá ọ̀pọ̀ ọjà tó ń lọ sí Kúbà dúró. Ní oṣù kejì 1962, Kennedy ti gbogbo ilẹ̀kùn. Mustang ò tíì délé ayé. Ohun tó ti wà nílùú kó tó dìgbà yẹn ni wọ́n tọ́jú títí dòní, almendrón ni wọ́n ń pè é. Ẹ má retí ẹ́ńjìnnì 283 lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì o. Ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì, àwọn kan láti ọ̀dọ̀ àwọn ará Soviet, ni ọ̀pọ̀ wọn ń lò, pẹ̀lú páàtì tí mẹkáníìkì fúnra rẹ̀ gbẹ́. Àwọn ọmọ Lucumí, ìyẹn àwọn tó di ẹ̀sìn Yorùbá mú ní Kúbà, tó ń bọ Ògún ní Regla àti Matanzas ò ní bá wa jiyàn nípa ẹni tó ni irin wọ̀nyẹn.

Mo rí Mustang kan ní Jámánì tí wọ́n kọ "T-5" sí lára. Ṣé ayédèrú ni?

Rárá. Ilé iṣẹ́ Krupp ló ni orúkọ Mustang níbẹ̀ nígbà náà, Ford sì kọ̀ láti rà á, torí náà T-5 ni wọ́n fi ń pè é níbẹ̀.

Ṣé kí n ra Bel Air onílẹ̀kùn mẹ́rin?

Ẹ rà á. Àwọn olówó ń sá fún un, ìdí nìyẹn tí owó rẹ̀ fi rọ̀. Lẹbẹ kan náà ló ní, ẹ́ńjìnnì kan náà, ẹnu táńkì kan náà tó fara pa mọ́. Ìyá yín tó jókòó sẹ́yìn ò sì ní láti tẹ orí ba kó tó wọlé.

Ẹ̀yin gan-an, èwo lẹ máa rà?

Láti máa wò, Bel Air. Láti máa wà, Mustang olórùlé líle tó ní 289 oní-C àti ọ́tò, èyí tí kò gbówó lórí tí mi ò fi ní bẹ̀rù láti gbé e lọ sọ́jà. Níwọ̀n bí mo ti fẹ́ràn kí n máa wakọ̀ ju kí n máa nu ọkọ̀ lọ, Mustang ni.

Mo ti rà á. Kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe?

Ẹ yọ ọ̀gá bíréèkì olójú kan yẹn (master cylinder, tó ń ti òróró bíréèkì lọ sí táyà), ẹ fi olójú méjì rọ́pò rẹ̀, kí ti iwájú àti ti ẹ̀yìn dá dúró. Ẹ pààrọ̀ gbogbo rọ́bà epo. Ẹ bá ilé iṣẹ́ adójútòfò tó mọ ọkọ̀ àtijọ́ fohùn ṣọ̀kan lórí iye tí ọkọ̀ náà tó, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, bí ọkọ̀ bá bà jẹ́ wọ́n á san owó àlòkù fún yín. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ̀ ba wo ẹ̀gbẹ́ táyà. Lẹ́yìn lẹ́tà DOT, nọ́ńbà mẹ́rin ló gbẹ̀yìn: 2312 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2012. Ọkọ̀ tí kì í rìn púpọ̀ kì í jẹ táyà, nítorí náà ojú rẹ̀ á ṣì dà bíi tuntun nígbà tí rọ́bà inú ti gbó. Bó bá ti lé ní ọdún mẹ́wàá, ẹ yọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ má gbàgbé ti inú búùtù.